Owó Ẹyọ Tí Mo Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ̀

Bí mo bá sọ fún ọmọdé ìwòyí pé owó ẹyọ ni mo fi ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú mi, wọ́n á wo ọwọ́ mi, wọ́n á wá rọra sún sẹ́yìn. Wọ́n rò pé mo fẹ́ bá wọn wo àyànmọ́ ni. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀wù ni mo ń fi í ṣe, àti fìlà, àti àpò, àti bẹ́líìtì àwọn oníjó. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí bíi télọ̀, bíi kápẹ́ńtà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé igi kápẹ́ńtà kì í rùn bí ẹja tó kú sábẹ́ ibùsùn.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń jáde ilé ìwé girama ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Mo bi í pé ṣé èyí tó dùn ló fẹ́ gbọ́ àbí èyí tó korò. Ó ní gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún un pé èyí tó dùn ló pọ̀ jù, àfi ibì kan báyìí tó kan díẹ̀, ẹ ó rí i.

Kétu la wà. Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ni mo wọ iṣẹ́. Mo rántí dáadáa, nítorí ìyá mi a máa di etí mi mú kí n tó sọdá títì Ìkòròdú, wọ́n á ní, "Sìdí, ibi tí ò ń wò yẹn kọ́ ni mọ́tò ti ń bọ̀ mọ́ o!" Ìgbín ni ìyá mi ń tà lẹ́bàá títì. Àwọn àgbẹ̀ ló ń kó o wá fún wọn láti Mile 12, tó jẹ́ pé igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Kò sí ẹni tó mọ ìgbín fọ̀ bí ìyá mi ní gbogbo àdúgbò. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni àṣírí wọn. Wọ́n á fún omi rẹ̀ lé ìgbín lórí, wọ́n á fi ọwọ́ ra á, gbogbo yíyọ̀ rẹ̀ á pòórá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ yìí pamọ́ sí apá kan, nítorí ó ń bọ̀ wá bá mi jà níwájú.

Bàbá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ owó kò pọ̀ níbẹ̀: wọ́n mú obì àti kóòkì páálí kan lọ, ọ̀gá gbà á, ó parí. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ọ̀gá náà ni Màmá Jẹ́jẹ́, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kì í kúrò lẹ́nu wọn nìyẹn. "Jẹ́jẹ́." Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Igi pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n fi ń kan ọmọṣẹ́ lórí ìka. Wọ́n á kàn ọ́ ní igi, wọ́n á wá sọ pé "Jẹ́jẹ́" lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń kí ọ kú oríire.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Kíkà àti ṣíṣà ni. A máa ń fi ìka fa owó ẹyọ márùn-ún márùn-ún lórí ẹní títí yóò fi pé ogójì, a ó sì sín in pọ̀. Ogójì ni okùn kan, bó ṣe wà láti ayé àwọn ìyá-ńlá wa tí wọ́n fi ń ra iṣu. Àárín ìgbà yẹn náà ni ìjọba pa pọ́nùn àti ṣílè tì, tí náírà dé. Gbogbo ọjà ń pariwo pé àwọn kò mọ ìṣirò mọ́. Màmá Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Owó ẹyọ lọ, pọ́nùn dé. Pọ́nùn lọ, náírà dé. Sìdí, ka tìẹ níbẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò ní yí padà."

Lẹ́yìn kíkà ni ẹ̀yìn lílù. Owó ẹyọ ní ikùn, ó ní ẹ̀yìn. Ikùn ni ibi tí ẹnu rẹ̀ wà, pẹ̀lú eyín wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló yọ gọngọ. A ó da ikùn rẹ̀ dé orí òkúta, a ó fi orí ìṣó kan ẹ̀yìn náà lẹ́ẹ̀kan péré, yóò là, òwú á ráyè gba ibẹ̀ kọjá. Bí o bá lù ú jù, gbogbo rẹ̀ fọ́. Bí o kò bá lù ú tó, o ní láti lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kejì ló sì máa ń fọ́ ọ. Màmá Jẹ́jẹ́ lè kọ ẹ̀yìn sí wa, kí wọ́n máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lójúde, kí wọ́n ṣì mọ̀. "Sìdí, ìyẹn fọ́. Mojí, tìẹ fẹ́ fọ́." Mojí ni ọmọṣẹ́ kejì, ọmọ Ògùdù, ọmọ ìjọ tó máa ń kọ orin lábẹ́lẹ̀ bó bá ti ń sínwó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ìka mi ló kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí, kí etí mi tó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà lọ́dọ̀ wọn tó le ju igi lọ. Kí oníbàárà tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó wá gbà, ẹni tó ṣe é gan-an ni yóò dìde, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àlébù tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá o. Ẹni tó ṣe é ni. Lọ́jọ́ kan, obìnrin ńlá kan wá gba àpò tí Mojí ṣe. Mojí dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, òwú tí mo fi bẹ̀rẹ̀ tán lọ́nà, òwú mìíràn ni mo fi parí apá ìsàlẹ̀." Obìnrin náà yí ẹnu, ó ní òun kò rà á mọ́, ó bọ́ síta. Inú bí mi dé ọ̀fun. Ta ni ì bá mọ̀? Mo ráhùn lábẹ́ ètè pé òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Màmá Jẹ́jẹ́ gbọ́. Wọ́n ní, "Ó kù tà lónìí. Ta ló sọ fún ọ pé ọjà òní nìkan ni ọjà?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Nígbà tó di ọdún kẹrin, iṣẹ́ ńlá kan dé. Ẹni tí ẹbí kan ní Ìkòsí ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ní olórí, Bàbá Sàlámì, ẹni gíga tó máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo èjìká, wá sọ pé ikán ti jẹ ẹ̀wù olówó ẹyọ tí àwọn olórí ẹbí wọn máa ń wọ̀. Wọ́n fẹ́ òmíràn, wọ́n sì fẹ́ ẹ kí ẹbí tó péjọ fi wọ́n joyè. Ogójì lọ́nà ọgbọ̀n ni yóò gba, ẹgbẹ̀fà owó ẹyọ. Màmá Jẹ́jẹ́ nawọ́ sí mi. "Sìdí ni yóò ṣe é. Òun ni iṣẹ́ ìgbòmìnira rẹ̀. Bí Bàbá bá gbà á, mo tú u sílẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á, ó di ọdún kan sí i."

Ẹ wo ayọ̀! Mo sáré délé lọ sọ. Bàbá mi ti bá onílé kan sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀ lẹ́bàá títì, ìyá mi ti ń ra àwo ìkómọṣẹ́jáde. Gbogbo ayé mi wà lórí ẹ̀wù yẹn.

Àwọn owó ẹyọ tí a máa ń lò tẹ́lẹ̀, láti inú ìkòkò tí àwọn èèyàn bá hú jáde nínú ilẹ̀ ilé bàbá wọn ni. Lọ́dún yẹn, a wá a tì. Àbúrò Màmá Jẹ́jẹ́ kan, Bùọ̀dá Jímọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ló gbé àpò kan dé láti ọ̀nà jíjìn níbi tí òkun ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tuntun ni. Ẹran ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìgbín ni owó ẹyọ, ìgbín òkun, kò ju orí ìka lọ. Bùọ̀dá Jímọ̀ ní òun rí i láàyè nínú omi tó mọ́ gaara. "Ìkarahun rẹ̀ kì í sí níta bíi ti ìgbín yín," ni wọ́n wí. "Ẹran rẹ̀ ló máa ń jáde lọ́tùn-ún lósì, á bo ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá bí ẹni dáṣọ borí. Òun ló ń nù ún. Ìdí tó fi ń dán nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n òórùn àpò náà kò dùn mọ́ ẹnì kankan. Màmá Jẹ́jẹ́ ní kí á gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, níbi tí èèrà pọ̀ sí, kí á rì í mọ́ iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Èèrà ni yóò jẹ ẹran inú rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, omi tútù nìkan. "Ó gba ogójì ọjọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kí n tó dé." Ọmọ wọn bímọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òjò ńlá rọ̀, omi kún ihò, òórùn náà jí dìde. Alájọgbé wá pariwo, onílé wá pariwo, ewúrẹ́ pàápàá gba ọ̀nà ibòmíràn. Mo ń ka ọjọ́, ọjọ́ Bàbá Sàlámì ń sún mọ́lé. Mo hú u. Mo wò ó, mo gbóòórùn rẹ̀, mo jù ú sílẹ̀. Ni ọgbọ́n bá sọ sí mi nínú. Ìgbín kọ́ nìyí? Àbí ọmọ ta ni mí? Ṣé ọmọ ẹni tó mọ ìgbín fọ̀ jù ní Kétu ni ìgbín yóò dà láàmú?

Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́ agbọ̀n kan. Mo fún un sínú agbada, mo da gbogbo owó ẹyọ sí i. Kíá, ó bẹ̀rẹ̀ sí hó ṣìṣìṣì. Mojí sún mọ́ ọn.

"Sìdí, ṣé ó yẹ kó máa hó báyẹn?"

"Ìdọ̀tí ló ń jáde."

"Ìdọ̀tí yìí mà pọ̀ o."

"Ìwọ tí ìyá rẹ kì í ta ìgbín, kí lo mọ̀?"

Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀ di òwúrọ̀. Nígbà tí mo ṣàn án, òórùn ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ náà ti bá a lọ. Gbogbo ẹgbẹ̀fà ló funfun ṣákálá bí ẹfun, ó rí háraháá lọ́wọ́. Mo mú ọ̀kan, mo mú ìkejì, mo ń wá èyí tó dán. Kò sí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Mojí kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó jókòó tì mí, ó ń kọ orin rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Màmá Jẹ́jẹ́ dé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ta ni?"

"Èmi ni, Mà."

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́, Mà."

"Ṣé o fẹ́ sè é ni?"

Mo ń retí igi. Wọn kò wo ibi tí igi wà. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé igbá òrí jáde àti àkísà funfun, wọ́n kó o lé mi lẹ́sẹ̀. "O gbọ́ ohun tí Jímọ̀ sọ. Nígbà tó wà láàyè, ẹran rẹ̀ ló ń nù ún. O ti pa dídán rẹ̀. Ìwọ ni ìgbín náà báyìí. Nù ún."

Mo nù ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀fà. Mojí bá mi nù ún. Ìyá mi gbọ́, wọ́n fi igbá ìgbín wọn sílẹ̀ wá, wọ́n ń nù, wọ́n ń bú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹran la ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, Sìdí, ta ló ń jẹ ìkarahun?" Onílé tó wá pariwo níjọ́sí jókòó sórí àpótí, òun náà mú àkísà. Alájọgbé gbé ẹ̀wà dání wá. Bẹ́ẹ̀ ni iwájú ilé ọ̀gá mi ṣe kún fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀rín ńlá ni, òrí ń rùn lára gbogbo wa. N kò tíì gbádùn ìyà kankan tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Díẹ̀díẹ̀, nǹkan kan yọ lójú owó ẹyọ náà. Kì í ṣe dídán ti tẹ́lẹ̀. Ó tutù, ó pọ́n díẹ̀ bí eyín àgbàlagbà. Mo fi rán ẹ̀wù náà, n kò sì rán nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ pé. Bàbá Sàlámì wọlé pẹ̀lú ìyàwó wọn. Ẹ̀wù náà wà lórí ẹní. Kí n tó dìde, Bàbá ti ké.

"Háà! Ìyá Káfáyà, wá wò ó! Owó àtijọ́ ni! Bí ti bàbá-bàbá mi ṣe rí gan-an nìyí! Màmá, ibo lẹ ti rí owó àtijọ́ báyìí?" Omi ti lé ròrò lójú wọn.

Màmá Jẹ́jẹ́ gbójú sókè, wọ́n ń wo páànù òrùlé bí ẹni ń ka ìṣó. Bí mo bá dákẹ́, mo di ọ̀gá lónìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọdún kan sí i nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù á bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, àwo ìyá mi á di àwo ìpamọ́. Ta ni ì bá mọ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà àpò Mojí náà ló padà wá bá mi.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe owó àtijọ́. Tuntun ni. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́."

Bàbá Sàlámì yíjú sí mi.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ kẹ̀?" ni Bàbá wí. "Èyí tí a ń fún sórí ẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n gbé ẹ̀wù náà, wọ́n fà á sẹ́nu, wọ́n sì lá a! Wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò dáadáa. "Kò kan mọ́," ni wọ́n wí fún ìyàwó wọn, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹ̀rín sì bú jáde títí wọ́n fi di ògiri mú. Ìyàwó wọn náà ń rẹ́rìn-ín. Mojí dojú bolẹ̀. Nígbà tí wọ́n sinmi tán, wọ́n ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo gbà á. Ẹni tó lè sọ èyí sí mi lójú, òun ni kó máa bá ilé wa tún ẹ̀wù ṣe."

Ojú Màmá Jẹ́jẹ́ wá sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé. Wọn kò yìn mí. Wọ́n mú ìṣó wọn àti òkúta wọn, èyí tí ìyá tiwọn fún wọn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Jẹ́jẹ́." Bí mo ṣe gba ìgbòmìnira nìyẹn.

Ìyókù, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ọ́. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún tí àwọn èèyàn dúdú kárí ayé wá ṣe àjọ̀dún àṣà ní Èkó, àwọn oníjó kò jẹ́ kí èmi àti Mojí sinmi, ìka wa wú bí àkàrà. Okùn apẹja dé, òwú lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ oníná tó ń lu nǹkan dé, mo rà á, mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò purọ́ fún yín, ẹ̀yìn tí mo ń fi ọjọ́ kan lù tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni owó ẹyọ oníke dé, fúyẹ́fúyẹ́, tó funfun ju eyín ìkókó lọ. Mo lò ó fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, mo sì máa ń dìde sọ fún un pé ike ni. Àwọn kan yí ẹnu, wọ́n lọ. Àwọn tó padà wá ló jẹ́ kí n kọ́ ilé. Màmá Jẹ́jẹ́ ti sùn lọ, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Nígbà tí ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí, mo ní ó tó.

Ó tó lóòótọ́, títí di oṣù tó kọjá. Ọmọbìnrin kan kanlẹ̀kùn, ó gbé báàgì dání, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní láti Ìkòsí lòun ti wá, ẹ̀wù ìdílé àwọn ló já. Ó tú u sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Okùn ti já níbi mẹ́rin, ṣùgbọ́n owó ẹyọ náà pé, ó ti pọ́n sí i, ó ti dára sí i.

"Ẹ rọra dì í mú o, Màmá," ni ọmọ náà wí. "Owó àtijọ́ ni. Ti ayé àwọn bàbá-ńlá wa ni."

Mo wò ó. Mo ti darúgbó, n kò wá iṣẹ́, n kò sì fẹ́ ba inú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí.

"Rárá, ọmọ mi. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni."

Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Oníṣẹ́ mẹ́ta ni mo ti bá kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, Mà. Gbogbo wọn ló gbà pé owó àtijọ́ ni. Bàbá àgbà wa, Bàbá Sàlámì, fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa kí wọ́n tó kú: ẹni tó bá gbà pé àtijọ́ ni, kí á gbé ẹ̀wù wa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni, òun ló ṣe é, òun ni kó bá wa tún un ṣe."

Mo ní kó bá mi fa àpótí irinṣẹ́ mi jáde lábẹ́ ibùsùn.